Kí wákàtí 72 tó pé: ohun tí ẹ máa ṣe bí ewu HIV bá ṣẹlẹ̀ sí yín

Bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹni tí ẹ bá sùn ní kòkòrò HIV lára tàbí kò ní, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni àkókò yín máa tán. Wákàtí 72 nìyẹn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè jókòó sára lẹ́yìn tí ewu ti ṣẹlẹ̀. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, àwọn dókítà kì í sábà fúnni mọ́, torí agbára rẹ̀ ti dín kù jù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń fi wákàtí wọ̀nyí ṣòfò. Ìtìjú á mú wọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á ra Ampiclox ní kẹ́mísìtì, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ampiclox kì í pa HIV, àgbo kì í pa á. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń ka èyí tí àkókò yín sì ti ń lọ, ẹ fo gbogbo ohun tó kù, ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀: bí HIV bá wọ ara, kì í gba gbogbo ara lójú ẹsẹ̀. Ibi tó gbà wọlé ló ti kọ́kọ́ ń lúgọ, á wọ inú díẹ̀ lára àwọn sójà ara tó wà níbẹ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé àwọn kókó inú ara, irú èyí tó máa ń wú sábẹ́ abíyá tàbí sí ìpìlẹ̀ itan, kó tó wá ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, kò sí oògùn tó ń lé e jáde pátápátá títí dòní. Iṣẹ́ PEP ni pé kó dí i lọ́wọ́ kó má lè bí sí i ní gbogbo ìgbà tó ṣì ń lúgọ yẹn. Torí náà, ẹni tó lo oògùn ní wákàtí kejì sàn ju ẹni tó lò ó ní wákàtí ogún, ẹni tó lò ó ní wákàtí ogún sì sàn ju ẹni tó dúró di ọjọ́ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi tí ẹ wà gan-an

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì ló gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má tẹ ojú egbò náà kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má da Jik sí i. Gbogbo ìyẹn ń fi kún ọgbẹ́ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí yín lójú, omi tó mọ́ nìkan ni kí ẹ fi ṣan ojú náà dáadáa. Bó bá kó sẹ́nu, ẹ tu ú dànù kí ẹ sì yọ ẹnu.

Bó bá jẹ́ ìbálòpọ̀, ẹ fi omi lásán fọ ìta ara. Ó parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin kan á ti gbé Dettol, omi iyọ̀, álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ìka tì í wọnú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Awọ inú ojú ara tinrín gan-an. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń bó o, ibi tó bá sì bó ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ tó wà lára yín nígbà náà, ẹ kó o sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, torí ẹ̀rí ló jẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ti wẹ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ má torí ẹ̀ jókòó sílé. Oògùn ṣì wà fún yín. Nílùú Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, wọn kì í gbowó. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé hóró oògùn àkọ́kọ́ mì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ewu ni lóòótọ́?

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín. Omi ara wo ni? Ibo ló gbà wọlé? Ara ta ló ti wá?

Omi ara tó ń gbé HIV ni ẹ̀jẹ̀, àtọ̀ àti omi tó ń ṣáájú àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí, àti wàrà ọmú. Itọ́ kò sí níbẹ̀, òógùn kò sí níbẹ̀, omijé kò sí níbẹ̀, ìtọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni ojú ara, ihò ìdí, ojú egbò, ojú abẹ́rẹ́, àti láti ara ìyá sí ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀fọn kì í kó o ranni. Bẹ́ẹ̀ ni ṣíbí àti àwo oúnjẹ, ṣáláńgá, bíbọwọ́, dídì mọ́ra, ikọ́ tàbí jíjókòó ti ara ẹni nínú dáńfó kì í kó o ranni. Bó bá jẹ́ èyí ló ń já yín láyà, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.

Àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ti ṣírò bí ewu ṣe pọ̀ tó nígbà kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kejì bá ní HIV tí kò sì lo oògùn, tí kò sì sí kọ́ńdọ̀mù. Ká ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́nà 10,000. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó ní kòkòrò náà síni lára ni, 9,250 ló máa ranni. Bó bá jẹ́ ìbálòpọ̀ láti ihò ìdí, 138 ni fún ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, 11 fún ẹni tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjì ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún oògùn olóró, 63 ni. Abẹ́rẹ́ tó ṣèèṣì gún nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, 23. Ìbálòpọ̀ láti ojú ara, 8 fún obìnrin, 4 fún ọkùnrin. Ti ẹnu kéré gan-an débi pé wọn ò rí iye kan pàtó fi sí i.

Ẹ má jẹ́ kí 4 tàbí 8 yẹn tàn yín jẹ. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn, ìṣirò àárín gbùngbùn sì ni. Bí egbò bá wà lójú ara, tàbí tí ẹnì kan bá ní àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ewu á pọ̀ sí i. Bí ẹnì kejì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV láìpẹ́, ewu á ròkè gan-an, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, òun alára kò sì ní tíì mọ̀. Ẹni tó ń ṣe é lóṣooṣù láìlo nǹkan kan ti kúrò nídìí 4 àti 8.

Ìbéèrè kẹta, ara ta ló ti wá, ojú kò lè dáhùn rẹ̀. Ó lè sanra, kó rẹwà, kó máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kó jẹ́ Alhaji tó ń ṣàánú. Kò sí èyí tó fi ipò ẹ̀jẹ̀ hàn. Àyẹ̀wò nìkan ló ń sọ ọ́. Àmọ́ bí ẹnì kejì bá ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré débi tí ẹ̀rọ kò rí i mọ́, kò lè kó o ran yín nípa ìbálòpọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí PARTNER, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019, tọpa ọ̀pọ̀ tọkọtaya àti àwọn ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra tí ọ̀kan ní HIV tí ìkejì kò ní, tí wọn kì í lo kọ́ńdọ̀mù. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára ẹni tó ń lo oògùn dáadáa. Bí ẹ kò bá rí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, tàbí tí kò dá a lójú fúnra rẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé ewu wà.

Nípa gbẹ́rẹ́: bí bàbá oníṣègùn bá fi bíléèdì kan ṣoṣo sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé lẹ́sẹẹsẹ, ewu ni, ẹ̀jẹ̀ tútù ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara ìkejì. Kílípà onígbàjámọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, torí HIV kì í pẹ́ kú bó bá ti bọ́ síta ara. Ṣùgbọ́n kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè ní ìta ara fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n ra kílípà tiwọn. Nítorí hepatitis ni, ju nítorí HIV lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jáde nílé

Bí ìdáhùn yín sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn bá fi hàn pé ewu wà, tàbí tí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí dókítà pinnu. Ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín, tàbí ilé ìwòsàn ńlá: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yaba náà ní kíníìkì HIV tó lórúkọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ sí yàrá pàjáwìrì (A&E) tàbí kíníìkì ìlera ìbálòpọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè gba yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn èyíkéyìí lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù àkókò nìyí. Kíníìkì HIV máa ń tì lópin ọ̀sẹ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì tó rẹ̀ á ní kò sí dókítà. Ẹ má yípadà sílé. Yàrá pàjáwìrì kì í tì, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ewu HIV kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá sẹ́yìn. Oògùn PEP ni mo wá gbà, mi ò sì lè dúró di ọjọ́ Ajé, torí wákàtí 72 ni."

Kò dìgbà tí ẹ bá ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó wà nídìí káàdì. Wákàtí tó ti kọjá àti orúkọ oògùn náà ti tó fún un. Dókítà nìkan ló yẹ kó gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀. Bí wọ́n bá ní oògùn ti tán, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi fóònù bá ilé ìwòsàn mìíràn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí, ẹ mú un dání. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í rántí gbogbo ohun tí dókítà sọ.

Oògùn tó ń kojú HIV kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ mú owó díẹ̀ dání fún káàdì àti àwọn àyẹ̀wò mìíràn. Wọ́n á gún yín ní ìka láti mọ̀ bóyá ẹ ti ní HIV tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó bá ti ní in nílò ìtọ́jú tó péye, kì í ṣe PEP. Wọ́n lè yẹ kídìnrín wò, kí wọ́n yẹ hepatitis B wò, kí wọ́n sì yẹ oyún wò fún obìnrin. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún wọn. Bí àbájáde àyẹ̀wò kídìnrín bá máa di ọ̀la, ẹ béèrè pé kí wọ́n fún yín ní hóró àkọ́kọ́ báyìí, kí àbájáde bá yín lẹ́nu oògùn.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má gbàgbé oyún. PEP kì í dènà oyún, Postinor kì í dènà HIV. Bó bá jẹ́ pé méjèèjì ló ń bà yín lẹ́rù, méjèèjì ni kí ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ 28

Hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Èyí tí wọ́n sábà ń fúnni báyìí ni hóró kan tó kó oògùn mẹ́ta pọ̀: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Oògùn yìí kan náà ni àwọn tó ní HIV ń lò, nítorí náà bí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀ tí ẹ sì wò ó lórí fóònù, ẹ má rò pé wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún yín.

Ẹ yan wákàtí kan, ẹ fi aago fóònù sí i. Ẹ lè jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ lè má jẹun. Inú lè máa rìn yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, orí lè máa fọ́. Bí oorun kò bá wá lálẹ́, ẹ gbé e sí àárọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó bí ẹ bá ṣe ń rántí. Àmọ́ bí àkókò hóró tó kàn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, ẹ fo èyí tí ẹ gbàgbé, ẹ má lo méjì pọ̀.

Oògùn inú kíkan tí a ń jẹ lẹ́nu, irú èyí tó ní magnesium tàbí aluminium, máa ń dí dolutegravir lọ́wọ́. Ẹ lo PEP ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin àti calcium náà bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ẹ bá fi oúnjẹ lo méjèèjì pọ̀. Ní ti àgbo, ẹ gbé e tì fún ọjọ́ 28. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n ń gbé kiri ní gáréèjì, kídìnrín yín sì ń bá tenofovir ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá oògùn dúró nítorí ará ilé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ tó wà lára ike, ẹ bó bébà ara rẹ̀ dànù. Ẹ má da oògùn náà sínú ọ̀rá tàbí bébà, torí ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́. Àpò pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń dún ṣàkàṣàkà nínú ike yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń fa ọ̀rinrin. Ẹ sì má pín oògùn náà pẹ̀lú ẹnì kejì yín. Méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn kò ju ti ẹnì kan lọ, bí ẹ bá pín in, kò ní tó ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹwàá ni ara máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ẹ̀rù á ti lọ, tí wọ́n á wá máa rò ó pé àwọn ti bọ́. Ẹ lò ó tán. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ẹ ní hepatitis B, ẹ má dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀, kódà lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, torí oògùn yìí náà ló ń ki hepatitis mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì lè wú bí ẹ bá ṣàdédé fi í sílẹ̀.

Láàárín àkókò yìí títí di àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, kọ́ńdọ̀mù ni nígbàkigbà, ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kó sọ fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àyẹ̀wò, àti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe é

Àyẹ̀wò tí ẹ ṣe lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun nípa alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbé ayé yín ṣáájú ìgbà náà ló ń sọ. Àyẹ̀wò ìka tó máa ń yára sọ èsì kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn sójà ara ṣe láti fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì máa ń gba ọjọ́ 23 sí 90 kó tó hàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti iṣan ṣe ní láàbù, tó ń wá ara kòkòrò pọ̀ mọ́ ọn, lè mú un láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Ẹni tó lo PEP á ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, á tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Ibà tó bá mú yín ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, tí ọ̀fun ń dùn, tí ara ń sú, tí kókó ń wú lọ́rùn, ẹ má sọ pé ibà ẹ̀fọn lásán ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀.

OraQuick, àyẹ̀wò àfiṣeélé tí wọ́n ń fi nu erìgì, ìyẹn ẹran ìdí eyín, wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun ní kíníìkì. Kò dára fún ẹni tó wà lẹ́nu PEP, torí oògùn lè mú kí èsì má tètè hàn. Ẹni tó bá máa lò ó, kó má jẹ, kó má mu, fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Kó nu erìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó ti igi náà bọ inú omi rẹ̀, kó wo aago. Ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni kó ka èsì, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó má kà á mọ́. Ìlà kan níwájú lẹ́tà C tó wà lára igi náà, kò rí HIV. Ìlà méjì, kódà bí ìkejì kò bá hàn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó wà, kó lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò mìíràn tó máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí C kò bá ní ìlà, àyẹ̀wò náà bàjẹ́ nìyẹn.

Bó bá jáde pé ẹ ní in

Lóṣù kẹjọ ọdún 1997, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àti mínísítà ètò ìlera tẹ́lẹ̀, sọ fún àwọn oníròyìn pé éèdì ló pa Fela àbúrò òun. Nígbà yẹn, oògùn tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là ò tíì sí nílé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ wa. Lónìí, wọ́n lè fún yín ní oògùn lọ́jọ́ tí ẹ gba èsì gan-an, láìgbowó, ẹ sì lè dàgbà dárúgbó pẹ̀lú rẹ̀. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ fi ipá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó tó gbà yín, tàbí kó lé yín lẹ́nu iṣẹ́ nítorí HIV.

Aláboyún: ẹ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí ìtọ́jú kankan, ọmọ 15 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó o lára ìyá. Bí ìyá bá ń lo oògùn tí ọmọ sì gba tirẹ̀, wọn kì í pé 5. Ọmọ á mu oògùn olómi nevirapine láti ọjọ́ tí ẹ bí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bímọ nílé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí, mi ò ní kí ẹ má lọ bí ọkàn yín bá wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ gba àyẹ̀wò ní sẹ́ńtà ìjọba kí ẹ tó lọ.

Kí ìgbà mìíràn tó dé

Kọ́ńdọ̀mù kọ́kọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ kò bá sí nínú rẹ̀, ó ti lu nìyẹn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, kì í ṣe eyín. Ẹ fún ṣóńṣó orí rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa kó síbẹ̀, ẹ wá ká a sísàlẹ̀ dé ìdí. Bí ọkùnrin bá fẹ́ fà á yọ, kó di ẹnu rẹ̀ mú kí nǹkan rẹ̀ tó rọ̀. Ẹ má wọ méjì léra. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ṣòkòtò tàbí iwájú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ohun tó ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́ jù nílé wa ni òróró. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé kọ́ńdọ̀mù kò dára, ó máa ń bẹ́; bí ẹ bá wá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi pa á, òrí ni, àdí ni, Vaseline ni, ìpara ọmọdé ni. Òróró máa ń jẹ rọ́bà náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ò sì ní rí i títí tó máa fi ya. Jẹ́lì tí wọ́n fi omi ṣe ni kí ẹ rà ní ilé ìtajà oògùn.

Ọkùnrin tó dákọ́, ewu rẹ̀ láti kó o lára obìnrin fi nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa, Kenya àti Uganda. Ogójì tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ní kẹ́mísìtì àti nílé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ lójú yín. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnì kan yín lára, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV àti hepatitis.

Fún ẹni tó mọ̀ pé ewu máa tún wáyé, yálà ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ni, tàbí kò lè fi dandan lé kọ́ńdọ̀mù, tàbí ó ti lo PEP ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, PrEP ni tirẹ̀. PrEP, ṣáájú ewu ni wọ́n ń lò ó: hóró kan lójúmọ́, tenofovir pẹ̀lú emtricitabine tàbí lamivudine. Ó máa ń tó ọjọ́ méje kó tó di odi. Ìlànà CDC ní kí obìnrin ka ọjọ́ 21. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò HIV kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ náà ti wà: cabotegravir tí wọ́n ń gún ní oṣù méjì méjì, tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí ní 2022, àti lenacapavir tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025. Ẹ béèrè ní kíníìkì yín bóyá wọ́n ti ní in.

Bí ẹ bá wà lẹ́nu PEP báyìí tí ẹ sì fẹ́ bọ́ sórí PrEP, ẹ má dúró di ìgbà tí ike bá ṣófo. Ẹ padà sí kíníìkì ní nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ lo hóró PEP tó kẹ́yìn lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kí ẹ sì lo hóró PrEP àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.